Àròkọ tàbí Àdàkọ: Ọ̀nà tí Ẹ̀kọ́ Ìwà ń Gbà Wọ Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹni tí a bá pè sí àárín àwọn àgbà láti wá sọ̀rọ̀, ìwọ̀nba ni í sọ, nítorí àwọn tí ó jókòó mọ̀ ju ẹni tí ó dìde lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá síwájú gbọ̀ngàn.

Ìbéèrè náà ni pé: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó láti kọ àròkọ lórí ìwé tí ó kà, lórí ìwà ọmọ ènìyàn, tàbí lórí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ta ni ó ń ronú nínú àròkọ náà? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni, tàbí olùkọ́ rẹ̀, tàbí ìwé pélébé tí wọ́n ń tà fún ìmúrasílẹ̀ ìdánwò, tí ó há sórí ní alẹ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la? Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò gbè lẹ́yìn ni pé ẹ̀kọ́ ìwà tí ó wà nínú àròkọ kò níye lórí àfi bí ó bá ti inú àkíyèsí akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Èyí tí ó bá ti wà ní sẹpẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ojú rẹ̀ wo nǹkan, àdàkọ ni, ì báà jẹ́ pé èdè rẹ̀ ń dán bí idẹ.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ìbéèrè

Àròkọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tú palẹ̀, nítorí pé ẹnu ti mọ́ ọn débi pé etí kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ mọ́. Ní ti ìhun ọ̀rọ̀, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- ni a fi mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, rò àti kọ, tí ó fi di ohun tí a rò, tí a sì kọ. Rò ni ó ṣáájú, kọ ni ó tẹ̀lé, ẹni tí ó bá sì kọ láìrò, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni ó ṣe. Agbo ilé kan náà ni àròsọ àti àròfọ̀ ti wá: ìtàn àròsọ ni a ń pe ìtàn tí òǹkọ̀wé fi làákàyè ara rẹ̀ hun, àròfọ̀ sì ni ewì tí akéwì rò kí ó tó fọ̀ ọ́ jáde lẹ́nu. Èyí fi hàn pé ìbátan tímọ́tímọ́ ni àròkọ ọmọ ilé-ìwé àti iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan wà nínú ìwé àjákọ, tí èkejì sì wà lórí pẹpẹ ìwé.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà tí wọ́n fara jọ àròkọ, tí wọ́n sì máa ń gba ipò rẹ̀ láìjẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀kan ni àdàkọ, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí a wò lára òmíràn tí a sì kọ bí ó ṣe rí; èkejì ni àkọ́sórí, ohun tí a kọ́ sí orí láìjẹ́ pé ó dé inú. Nínú yàrá ìdánwò, ó rọrùn fún àwọn méjèèjì láti wọ aṣọ àròkọ, nítorí pé ohun tí ó wà lórí ìwé ni aṣàmì ń rí, kì í rí ọ̀nà tí ó gbà débẹ̀.

A kò gbọdọ̀ fi àrokò sílẹ̀ níbí, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti àròkọ, nítorí ó ní ohun tí ó lè kọ́ wa. Àrokò ni àmì tí àwọn baba ńlá wa ń fi ránṣẹ́ kí ìwé kíkọ tó dé, bí ìyẹ́, bí èso, bí owó ẹyọ tí a so pọ̀. Ẹni tí ó bá gba owó ẹyọ mẹ́fà yóò ka ẹẹ́fà, yóò sì gbọ́ fà nínú rẹ̀, pé ọkàn ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí òun náà bá fi mẹ́jọ dáhùn, ẹẹ́jọ ni, ó ti sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Nínú àrokò, ẹni tí a fi nǹkan ránṣẹ́ sí ni ó ru ẹrù ìrònú tí ó pọ̀ jù. Nínú àròkọ, ẹrù náà ti kúrò ní orí ẹni tí ń kà, ó ti bọ́ sórí ẹni tí ń kọ. Àròkọ tí òǹkàwé ti mọ gbogbo ohun tí yóò sọ láti gbólóhùn àkọ́kọ́ kò gbé ẹrù kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ìwà ni ó kàn, ó sì jinlẹ̀ ju àròkọ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó jáde ní 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá, ṣàlàyé pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe wà ni ìwà ti jáde, tí ó fi jẹ́ pé wíwà ní ayé gan-an ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kí ó tó di pé a ń lò ó fún bí ènìyàn ṣe ń ṣe sí ọmọnìkejì. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ìwà kí a má sọ̀rọ̀ ilé gbígbé, oúnjẹ, ọjà, àìsàn àti gbèsè, nítorí àwọn wọ̀nyí ni wíwà láyé. Nínú ìtàn Ifá tí iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, obìnrin ni Ìwà. Ọmọ Sùúrù ni, aya Ọ̀rúnmìlà sì ni. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ nínú ilé kò tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ilé kò sì rọgbọ títí Ìwà fi jáde lọ, tí iyì àti àpọ́nlé sì bá a jáde, tí Ọ̀rúnmìlà wá ń ti ilé awo kan bọ́ sí òmíràn tí ó ń wá aya rẹ̀ kiri.

Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ìtàn yìí ṣe. Kò fi Ìwà hàn bí ère tí kò lábùkù. Ó fi í hàn bí ẹni tí ó ṣòro láti bá gbé, tí àìsí rẹ̀ sì tún burú ju ìṣòro náà lọ. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú ìyá arúgbó nínú ilé rí, tàbí tí ó ti bá òtítọ́ gbé nígbà tí irọ́ ì bá mú owó wọlé, yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwà rere ṣe rí: ó máa ń sú ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó kọ̀wé lórí ìwà rere kì í sábà dé ibẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé ìwà rere ni ẹ̀ṣọ́ ènìyàn, yóò tú ọmọlúàbí sí ọmọ tí olú-ìwà bí, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń tú u, yóò wá to ìwà márùn-ún tàbí mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn bí ẹni to àgbàdo sórí àtẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìrònú ni kò sí níbẹ̀.

2. Bí ẹ̀kọ́ ìwà ṣe di ìrù àròkọ

Àwọn kan lè rò pé láti inú àlọ́ ni àṣà fífi ẹ̀kọ́ ìwà dí ìdí àròkọ ti wá, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé àgbà tí ó bá pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá sábà máa ń béèrè ohun tí àwọn ọmọ rí kọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àlọ́ gbòòrò ju ẹ̀kọ́ tí a so mọ́ ìdí rẹ̀ lọ, Ìjàpá tí ó sì kún inú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1973 kì í ṣe ẹni tí a lè fi gbólóhùn kan pa ẹjọ́ rẹ̀ rẹ́. Ó ń jìyà, ó ń jàre, àwọn ọmọ sì ń bá a rẹ́rìn-ín nígbà tí ó yẹ kí wọ́n máa bínú sí i.

Àpẹẹrẹ kan tí gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀ ni àlọ́ Yánníbo, aya Ìjàpá, tí kò rí ọmọ bí. Ìjàpá tọ babaláwo lọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ pé aya ni yóò jẹ ẹ́, ọkọ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ní ọ̀nà, òórùn ọbẹ̀ bá Ìjàpá jà, ó tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ó fi ń fi orin sáré padà lọ bá babaláwo. Bí a bá ní kí ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wọn, kò sí àní-àní pé ọ̀pọ̀ jù lọ ni yóò kọ ọ́ pé ojúkòkòrò kò dára. Ṣùgbọ́n àlọ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tí ń wojú Olódùmarè fún ọmọ. Ọ̀nà tí a sábà ń gbà pa á, ikùn Ìjàpá ni a fi ń parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó padà dé ilé lọ wo Yánníbo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kíyè sí èyí, tí ó sì béèrè ìdí tí ìtàn fi gbàgbé ẹni tí a tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti kọ àròkọ lórí ìwà, bí kò tilẹ̀ dárúkọ ìwà kankan.

Ibòmíràn ni ó yẹ kí a wá orísun ìrù náà sí. Nígbà tí àwọn ìjọ ajíhìnrere dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Badagry, ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú mìíràn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, katikísìmù wà lára ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọdé ń dì mú. Katikísìmù ni ìwé ẹ̀kọ́ ìsìn tí a fi ìbéèrè àti ìdáhùn kọ, tí ìdáhùn sì ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó gbọ́ ìbéèrè. Ìwé bẹ́ẹ̀ dára fún iṣẹ́ tí a ṣe é fún, nítorí kò sí ẹni tí ó ń fẹ́ kí ọmọdé dá ẹ̀sìn tuntun sílẹ̀ ní ọjọ́ ìrìbọmi. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlànà katikísìmù wọ inú iṣẹ́ àròkọ, tí àkòrí àròkọ di ìbéèrè, tí ẹ̀kọ́ ìwà sì di ìdáhùn tí a ti tẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tí ọmọ kún kíláàsì fọ́fọ́, tí olùkọ́ kan sì ní ìwé àjákọ rẹpẹtẹ láti yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan, ìlànà tí ó yá jù lọ láti fi máàkì sí ni ó borí. Kò sí ẹni tí ó lè dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi.

3. Ohun tí lítíréṣọ̀ ń ṣe tí àròkọ kì í ṣe

Lítíréṣọ̀, èyí tí í ṣe àkójọ iṣẹ́ ọnà tí a fi èdè ṣe, yálà alohùn tàbí àpilẹ̀kọ, ni ó yẹ kí ó jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àròkọ. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ń fi àròkọ fún lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ jẹ: akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka odidi ìwé, a óò sì ní kí ó sọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ìwé náà kọ́ ọ.

Ẹ wo eré onítàn Àkínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí ó jáde ní 1970, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jókòó síbí sì ti kà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹfúnṣetán tí ìtàn mọ̀ ni Ìyálóde Ìbàdàn, oníṣòwò ńlá tí ó ní oko àti ẹrú lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ó sì pàdánù ipò àti ẹ̀mí rẹ̀ ní 1874 lẹ́yìn tí ààrin òun àti Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ti dàrú. Nínú eré náà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú níbi ìkúnlẹ̀, ìbànújẹ́ náà sì di òfin nínú ilé: kò sí ẹrú Ẹfúnṣetán tí ó gbọdọ̀ lóyún, kò sì sí èyí tí ó gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrú náà, lóyún, wọ́n sì pa á.

Àròkọ tí ó wọ́pọ̀ lórí eré yìí ni pé ìkà kò pé. Ìkà kò pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ojú ìwé kan nínú eré náà lè kọ gbólóhùn yẹn, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ó gba máàkì. Ìbéèrè tí eré náà gbé kalẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: báwo ni ọ̀fọ̀ ṣe ń di ìkà? Báwo ni ìyá tí ẹnu rẹ̀ ti kọ ẹkún, tí àwọn ará ìlú ti wá kí kú àmúmọ́ra, ṣe ń dìde láti orí ẹní ọ̀fọ̀ tí ó sì di ẹni tí ń pa ọmọ ọlọ́mọ nítorí oyún? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní aládùúgbò kan tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, tí obìnrin náà kò sì lè gbọ́ kí ọmọ sunkún nítòsí rẹ̀ mọ́, ní ohun tí ó lè fi wo Ẹfúnṣetán tí kò sí nínú ìwé atọ́nà kankan. Kò ní tìtorí rẹ̀ dá a láre. Adétutù kò jí dìde nítorí pé a lóye ẹni tí ó pa á. Ṣùgbọ́n yóò mọ ibi tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀, èyí sì wúlò fún un ju pé kí ó mọ̀ pé ìkà burú lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá tún lè béèrè bóyá Ẹfúnṣetán inú eré ni Ẹfúnṣetán inú ìtàn, tí ó sì mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣe lórí ipò Ìyálóde fi agbára ìṣòwò àti òṣèlú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ hàn, ó ti kúrò ní ìpele ọmọ ilé-ìwé, ó ti di òǹkàwé.

A lè takò èyí pé D. O. Fágúnwà, bàbá ìtàn àròsọ Yorùbá, ń wàásù, ó sì ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ ìwà ní gbangba. Òótọ́ ni. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí ó jáde ní 1938, àwọn ọdẹ jókòó ti ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Ìràgbèje fún ọjọ́ méje, tí ó ń fi ìtàn àti àmọ̀ràn kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ Ìràgbèje, ewu tí ojú wọn ti rí nínú igbó kò kéré: ebi ti pa wọ́n, àwọn ẹbọra ti ko wọ́n lójú. Àmọ̀ràn tí ó bá ẹni tí ó ti jà nínú igbó wọ inú rẹ̀ bí òjò ọwọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí ó tún hàn jù ni Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ti 1954, nítorí pé ibi tí ìrìnàjò inú rẹ̀ forí lé ni a pè ní Òkè Ìrònú. Fágúnwà fi igbó Elégbèje dí ọ̀nà òkè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń jí ní àárọ̀ ìdánwò, ó sì ti wà lórí Òkè Ìrònú láìfẹsẹ̀ kan ewé.

Rẹ́rẹ́ Rún tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1973 tún mú ọ̀rọ̀ le sí i, nítorí pé aṣíwájú òṣìṣẹ́ tí ó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú eré náà kò rí èrè òdodo gbà níkẹyìn. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé rere kì í gbé yóò kọ lórí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ó níláti ronú, tàbí kí ó pa irọ́ mọ́ ìwé náà.

4. Kóńgò, èènì àti ṣéńjì

Nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni àdàkọ ti ń hàn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ohun tirẹ̀ jù lọ. A óò ní kí ó ṣàpèjúwe ọjà ìlú rẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé ọjà náà tóbi, pé oríṣiríṣi nǹkan wà níbẹ̀, pé ariwo pọ̀, pé ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń ná an, yóò sì parí rẹ̀ pé ọjà ṣe pàtàkì fún ọmọ ènìyàn. Ọjà ibo nìyẹn? Bí a bá gbé àròkọ náà láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ìkàrẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti kúrò nílé.

Ọmọ kan náà ń lọ ra gààrí fún ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó mọ̀ pé kóńgò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì mọ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, pé kí ó fi ọwọ́ kan ìdí kóńgò kí wọ́n tó bu gààrí sí i, nítorí pé àwọn ontàjà kan ti fi nǹkan lu ìdí tiwọn wọnú, tí òkìtì gààrí fi ń ga lókè nígbà tí inú kóńgò ti dín kù nísàlẹ̀. Ó tún mọ èènì, èyí tí ontàjà máa ń bù sí i lẹ́yìn tí owó ti wọlé, kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá bu èènì yóò dúró de oníbàárà títí. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn nìyí: obìnrin tí ìdí kóńgò rẹ̀ ti wọnú ni í bu èènì tí ó pọ̀ jù, tí í sì fi ẹ̀rín ṣàdúrà fún ọmọ oníbàárà, nígbà tí èyí tí kóńgò rẹ̀ pé pérépéré ń bu èènì tíń-ń-tín, tí ojú rẹ̀ sì le.

Ta ni olóòótọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ó dàbí ẹni pé ìdáhùn rọrùn títí tí a ó fi rántí pé ìyá ọmọ náà mọ̀ nípa kóńgò tó wọnú, tí ó sì tún ń ra ọjà lọ́wọ́ obìnrin náà, nítorí èènì, nítorí ẹ̀rín, nítorí pé ó ń tà á ní àwìn nígbà tí owó oṣù kò bá tí ì wọlé. Àròkọ tí ó bá sọ èyí bí ó ṣe rí, tí ó ka iye ìbùkọ̀ọ́kan, tí ó sì sọ ohun tí ìyá sọ nígbà tí ọmọ béèrè ìdí, ti wọnú ọ̀rọ̀ òtítọ́, àánú àti àìní dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìwàásù kì í dé.

Àpẹẹrẹ kejì kúrú. Ní Èkó, kọ́ńdọ̀ dáńfó tí kò ní ṣéńjì máa ń fi ẹgbẹ̀rún náírà kan lé èrò méjì tí kò mọ ara wọn rí lọ́wọ́, yóò sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni so yìgì, pé kí wọ́n lọ pín in fúnra wọn níbi tí wọ́n bá bọ́ sí. Ta ni yóò di owó náà mú? Èwo nínú wọn ni yóò rìn tẹ̀lé èkejì dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ wá ṣéńjì sí? Bí ẹnì kan bá ní kí ọ̀dọ́langba Èkó kọ àròkọ lórí ìfọkàntánni, tí kò sì rántí owó yìí, a jẹ́ pé wọ́n ti kọ́ ọ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i kò yẹ lórí ìwé.

5. Àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ọmọdé kò tí ì dàgbà tó láti dá ọ̀rọ̀ ìwà rò, pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Àtakò yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà kan náà ni ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe méjèèjì wà, wọ́n sì kọjú ìjà sí ara wọn, èyí sì fi hàn pé àwọn tí ó dá wọn sílẹ̀ kò rò ó pé òwe kan lè ṣe ìrònú tán fún ẹnikẹ́ni. Ẹṣin ọ̀rọ̀ ni òwe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun ẹṣin gbọdọ̀ mọ ibi tí ó ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti fi yé pé gbogbo àròkọ gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá bọ̀ ti gun ẹṣin nínú àgbàlá. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ọmọdé kì í ṣe ìdájọ́. Àkíyèsí ni, ojú ọmọdé sì mú ju ti àgbà lọ nínú ìyẹn. Ìdí tí àgbà fi máa ń rán an pé kí ó lọ wo ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn nìyẹn.

Àtakò kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn aṣàmì wá. Ìgbìmọ̀ ìdánwò WAEC tí a dá sílẹ̀ ní 1952 àti NECO tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ní ìwé ìdánwò tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ láti ṣe àmì sí, ìdájọ́ kò sì lè dọ́gba bí kò bá sí ìlànà tí gbogbo aṣàmì ń tẹ̀ lé. A gbà. Ìfáàrà, ìpínrọ̀ àti àkọtọ́ tí ó dára kò ṣe ìrònú ní ibi, gẹ́gẹ́ bí ebè tí a kọ gún kò ṣe iṣu ní ibi. Ìpalára bẹ̀rẹ̀ níbi tí aṣàmì ti ń wá gbólóhùn ẹ̀kọ́ ìwà ní ìparí tí ó sì ń fi máàkì sí i, nítorí pé ohun tí a bá ń san owó fún ni àwọn ènìyàn yóò máa gbé wá sí ọjà.

Ẹ̀kẹta kò gba àkókò: àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá fi ọmọ sílẹ̀ láti ronú, yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú dé ibi tí kò dára. Ọmọ tí ó ń há ìwà ọmọlúàbí sórí láti fi yege kò tí ì gba ọ̀nà kankan.

6. Irú ìbéèrè tí ó lè pe ìrònú

Àkókò tí a wà yìí ti sọ ọ̀rọ̀ náà di kánjúkánjú. Láti ìparí ọdún 2022 tí ChatGPT ti dé ọwọ́ aráyé, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù àti dátà lè ní kí ẹ̀rọ kọ àròkọ lórí àǹfààní ìwà rere, yóò sì jáde kí omi tó hó: ìfáàrà ń bẹ, kókó márùn-ún ń bẹ, ẹ̀kọ́ ìwà sì wà ní ìdí rẹ̀ gbáko. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń kígbe pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó tọ́ kí wọ́n kígbe, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún wo irú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà gbà. Èyí tí ó ń ṣe tí kò sì sí àbùkù níbẹ̀ ni èyí tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ti ń yìn láti ọjọ́ pípẹ́, àròkọ tí kò sí ẹni tí ó gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mọ ohun tí ìyá sọ nídìí kóńgò, kò sì sí nínú ọkọ̀ ní ọjọ́ tí kọ́ńdọ̀ so èrò méjì pọ̀.

Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tí ń ṣètò ìbéèrè ni iṣẹ́ kù sí. Dípò kí a béèrè àǹfààní òtítọ́, a lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìtàn ọjọ́ kan tí òtítọ́ ná ẹnì kan nínú ilé wọn ní owó tàbí ní ọ̀rẹ́, kí ó sì sọ iye tí ó ná an. Dípò ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, a lè béèrè ibi kan pàtó nínú eré náà tí Ìyálóde ì bá ti yí padà, àti ẹni tí ì bá ti ràn án lọ́wọ́. Aṣàmì tí ó bá gba irú ìbéèrè yìí yóò rí i pé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ní jọ ti èkejì, ìyẹn yóò sì fi àkókò rẹ̀ ṣòfò díẹ̀. Owó tí a fi ń ra ìrònú nìyẹn, kò sì wọ́n jù.

A tún lè ṣe èyí tí ó kéré jù lọ, tí olùkọ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Kí ó pa àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ fún àwọn ọmọ, kí ó dákẹ́ níbi tí ikùn ti wú, kí ó má béèrè ohun tí wọ́n rí kọ́. Kí ó pín ìwé fún wọn, kí ó sì ní kí oníkálukú kọ ohun tí Yánníbo ń ṣe nínú ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lọ́nà, tí ó sì ti fọ abọ́ tí ó fẹ́ fi jẹun.